ZSWIM8, Purotéènì Tí Ń Tú Ààbò Kúrò Lórí microRNA

Jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, a máa rán RNA òjíṣẹ́ lọ sọ purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n àwọn RNA kéékèèké kan tí ń jẹ́ microRNA, tí gígùn wọn jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 22, a máa dí òjíṣẹ́ náà lọ́wọ́ kí purotéènì má baà pọ̀ jù. Victor Ambros àti ikọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàwárí irú rẹ̀ lára aràn kékeré kan ní ọdún 1993.

Ìbéèrè tí ó pẹ́ kí ó tó rí ìdáhùn ni ohun tí ń pa microRNA fúnra rẹ̀ run. Inú purotéènì tí ń jẹ́ Argonaute ni ó ń gbé, èyí tí ó dáàbò bò ó débi pé ó lè pẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Síbẹ̀ àwọn kan lára wọn kì í pẹ́ parẹ́. Bí lẹ́tà RNA tí microRNA wá dí lọ́wọ́ bá bá tirẹ̀ mu dé ìrù, RNA náà lè di ikú fún un, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ń jẹ́ Cyrano ṣe ń pa microRNA tí ń jẹ́ miR-7 run nínú ọpọlọ eku.

Ní ọdún 2020, ikọ̀ David Bartel ní ìpínlẹ̀ Massachusetts àti ti Joshua Mendell ní ìlú Dallas, ní Amẹ́ríkà, kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé purotéènì ZSWIM8 ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ubiquitin ligase ni, ìyẹn purotéènì tí ń lẹ purotéènì kékeré tí ń jẹ́ ubiquitin mọ́ ara èyí tí ó yẹ kí ó parun, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Proteasome, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtirún purotéènì, á sì fọ́ ọ túútúú. Ohun ìyanu gidi ni pé ara Argonaute ni ZSWIM8 ń sàmì sí, kì í ṣe ara microRNA, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ààbò bá lọ tán ni microRNA ń di ìjẹ fún àwọn ẹ́ńsáìmù, bẹ́ẹ̀ èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé jíjẹ ìrù rẹ̀ ni ó ń pa á.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí jábọ̀ pé eku tí a yọ jíìnì Zswim8 kúrò lára rẹ̀ kéré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù, àti pé àkókò ìbí ni ó ń kú. Nígbà tí ikọ̀ Mendell yọ miR-322 àti miR-503, ìyẹn microRNA méjì tí ZSWIM8 máa ń jẹ́ kí wọ́n parun, kúrò pẹ̀lú, ìdàgbàsókè ọlẹ̀ àwọn eku náà padà bọ̀ sípò.