Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ẹ tó ra motorhome àkọ́kọ́ yín

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ẹ kọ́kọ́ wo láísẹ́ǹsì yín. Ẹni tó yege ìdánwò ọkọ̀ láti ọdún 1997 kò gbọdọ̀ wa motorhome elépo tí ìwọ̀n tí wọ́n gbà fún un bá ju kìlógíráàmù 3,500 lọ, àfi tó bá ṣe ìdánwò mìíràn. Èèyàn àti ẹrù wà nínú ìwọ̀n yẹn o! Omi lítà 100 nìkan, kìlógíráàmù 100 ni. Ẹ ò tíì gbé ìkòkò.

Tó bá jẹ́ àlòkù, omi tó ń jò wọlé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri abẹ́ fèrèsé. Tó bá rọ̀, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ẹ má sanwó rárá.