Pápá Aláìṣègbè àti Ìdọ́gba Àǹfààní: Àyẹ̀wò Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Ibi Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nínú Ìdíje Rọ́gíbì Ilẹ̀ Yúróòpù

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn alákòóso ń gbà yan pápá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nínú ìdíje rọ́gíbì àwọn ikọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí a mọ̀ sí Heineken Cup nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí ‘pápá aláìṣègbè’ jẹ́ nínú òfin, ó sì fi í wé ohun tí ojú rí lórí pápá láti ọdún 1996 títí di ọdún 2023. Àbájáde rẹ̀ ni pé àìṣègbè kò sí nínú orúkọ pápá tàbí nínú ẹni tí ó ni ín. Inú bí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti mọ pápá náà tó, bí ó ti jìnnà sí wọn tó, àti bí òfin tí wọ́n fi yàn án ti hàn kedere ṣáájú ni ó wà.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ‘Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.’ Òwe yìí ni ó wà nídìí àríyànjiyàn lórí ibi tí ó yẹ kí ikọ̀ méjì ti pàdé. Onílé mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Àlejò ní láti béèrè ọ̀nà. Nínú ìdíje líìgì, ọ̀rọ̀ yìí kì í le, nítorí pé ikọ̀ méjì tí ó bá kojú ara wọn yóò gba ara wọn lálejò níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀kan jẹ lónìí ni èkejì yóò jẹ lọ́la. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, ìyẹn ìdíje tí ikọ̀ tí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan yóò gba ilé lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò pàdé. Bí ó bá jẹ́ ilé ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti pàdé, kò sí ọjọ́ mìíràn tí a ó fi dá a padà fún èkejì.

Rọ́gíbì ni eré bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìhà kọ̀ọ̀kan ń gbá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbé e sáré, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Nínú eré yìí, àwọn alákòóso gbé èrò pápá aláìṣègbè kalẹ̀ láti wo ìṣòro òkè yìí sàn. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dáhùn ni pé, ǹjẹ́ oògùn náà jẹ́ bí wọ́n ti sọ pé yóò jẹ́?

Ohun tí Ilé Fi Ń Gbe Onílé

Kí a tó lè mọ pápá tí kò ṣègbè, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìṣègbè pápá jẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí.

Èkíní ni ìmọ̀ nípa pápá. Òfin rọ́gíbì kò sọ pé gbogbo pápá gbọdọ̀ dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ó ní gígùn pápá kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ, ìbú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 70 mítà lọ, ṣùgbọ́n àyè wà fún èyí tí ó kéré sí i. Àlàfo ẹ̀yìn ìlà ayò, níbi tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jìnnà ń balẹ̀ sí, máa ń yàtọ̀ láti pápá kan sí òmíràn. Agbábọ́ọ̀lù tí ń gbá bọ́ọ̀lù sí àárín òpó méjì nílò láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún kò ní béèrè.

Èkejì ni ìrìn-àjò. Ikọ̀ tí ó sùn sí ilé rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ikọ̀ tí ó wọ bàálù, tí ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, tí ó sì jẹ oúnjẹ tí kò mọ́ ọn lára. Ẹ̀kẹta ni èrò ìwòran. Ariwo wọn ń ki ẹni tiwọn láyà, ó sì lè mú ọwọ́ rẹfirí wúwo tàbí fúyẹ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀kẹrin ni owó. Ìnáwó alátìlẹ́yìn tí yóò wọ bọ́ọ̀sì fún ìdajì wákàtí kò ṣeé fi wé ti ẹni tí yóò la òkun kọjá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ọ̀nà kẹrin yìí ni àwọn òfin ìdíje kì í sábà dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aráàlú tí kì í gbowó nínú eré náà ni ó ń kàn jù.

Òfin Ìpele tí Ó Kángun sí Àṣekágbá

Nígbà tí Heineken Cup bẹ̀rẹ̀, ikọ̀ tí ó gbàlejò ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá lè lo pápá tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni òfin mìíràn ti gbòde. Ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ ikọ̀ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò gbàlejò. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wá pápá mìíràn tí kì í ṣe ti ikọ̀ náà, tí ó lè gba ó kéré tán 20,000 ènìyàn. Ní ìwé, ìlànà yìí tẹ́wọ̀n. Kèké kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Pápá kò sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ìtàn ikọ̀ Leicester ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn bí òfin kan ṣoṣo ṣe lè so èso mẹ́ta. Ní ọdún 2001, Watford ni wọ́n ti pàdé Gloucester. Ní ọdún 2002, wọ́n bá Llanelli ti ilẹ̀ Wélsì pàdé ní Nottingham. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, pápá àwọn elérè bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà nínú ìlú Leicester gan-an ni wọ́n ti gba Toulouse lálejò. Òfin pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní pápá aláìṣègbè, nítorí pé kò sí èyí tí ó jẹ́ ti Leicester. Àwọn alátìlẹ́yìn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wọn dé pápá ní ọdún 2005 mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí òfin wí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú rí.

Irú rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2003, Toulouse pàdé Munster ti Írẹ́lándì ní pápá ńlá ìlú Toulouse, wọ́n sì fi àmì kan péré borí, 13 sí 12. Ní ọdún 2005 kan náà, Stade Français pàdé Biarritz ní Parc des Princes ní Paris. Òpópónà kan ni ó la pápá yìí àti Jean-Bouin tí Stade Français ń lò láàárín. Ní ọdún 2009, Cardiff pàdé Leicester ní pápá ńlá ìlú Cardiff tí ó fara ti pápá tiwọn.

Ti Biarritz ní ọdún 2006 tún jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n kọjá ẹnubodè lọ sí pápá Anoeta ní San Sebastián, ní ilẹ̀ Spéìn, láti pàdé Bath. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ lè rò pé àjò ni ikọ̀ méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn ará Basque ni San Sebastián àti Biarritz, wọn kò sì jìnnà síra. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní oṣù kẹrin ọdún náà kan náà ni Biarritz ti kọ́kọ́ gba Sale lálejò ní Anoeta ní ìpele ikọ̀ mẹ́jọ. Pápá tí ikọ̀ kan ti fi ṣe ilé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kò lè jẹ́ ilẹ̀ àjòjì fún un mọ́.

Àṣekágbá: Pápá tí Wọ́n Yàn kí Wọ́n tó Mọ Ẹni tí Yóò Dé Bẹ̀

Ọ̀tọ̀ ni ìlànà àṣekágbá. Wọ́n ti ń kéde pápá rẹ̀ kí ìdíje tó dé òpin, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ àwọn méjì tí yóò kù. Àìmọ̀ yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di aláìṣègbè: ẹni tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ àǹfààní kò lè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ bá pé, àǹfààní lè bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, ìlú Cardiff ni ikọ̀ Cardiff ti gbá àṣekágbá àkọ́kọ́ pẹ̀lú Toulouse. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, Bordeaux ni Bath ti pàdé Brive, ikọ̀ ilẹ̀ Faransé tí ìlú wọn kò ju nǹkan bí 200 kìlómítà lọ sí Bordeaux. Adédayọ̀ Adébáyọ̀, tí a bí ní Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Bath ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Ó sì lè jẹ́ pé ikọ̀ méjèèjì ni yóò jìyà rẹ̀. Ní ọdún 2003, Toulouse àti Perpignan, tí wọ́n jẹ́ ikọ̀ gúúsù ilẹ̀ Faransé, lọ gbá àṣekágbá wọn ní Dublin. Ní ọdún 2005, Toulouse àti Stade Français lọ gbá tiwọn ní Edinburgh. Ìdọ́gba wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ́gba ìnira ni. Alátìlẹ́yìn ìhà méjèèjì ni ó ná owó bàálù lọ wo aládùúgbò wọn.

Ṣé Àbájáde Lè Ṣe Ẹlẹ́rìí?

Àwọn kan a máa sọ pé bí pápá bá ṣègbè, kí a wo ẹni tí ó borí. Ẹ̀rí yìí kò dúró. Leicester borí ní Watford àti ní Nottingham, ṣùgbọ́n wọ́n fìdí rẹmi nínú ìlú tiwọn ní ọdún 2005, Toulouse ni ó na wọ́n ní 27 sí 19. Cardiff fìdí rẹmi ní Cardiff ní ọdún 1996, 21 sí 18, lẹ́yìn àfikún àsìkò. Ní ọdún 2009, òun àti Leicester ta ọ̀mì 26 sí 26 títí àfikún àsìkò fi tán. Wọ́n wá ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa gbá bọ́ọ̀lù sí àárín òpó níkọ̀ọ̀kan, Leicester sì fi 7 sí 6 borí. Bath fi àmì kan na Brive ní Bordeaux, 19 sí 18. Jon Callard nìkan ni ó gba gbogbo àmì 19 náà. Leicester na Stade Français ní Paris ní àṣekágbá ọdún 2001. Ní ọdún 2023, Leinster ti Dublin gbá àṣekágbá ní Dublin, ní pápá tí wọ́n ti máa ń gbàlejò. Wọ́n fi àmì 17 sí òdo ṣíwájú ní ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ La Rochelle fi 27 sí 26 borí wọn.

Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò sọ pé ilé kò ní àǹfààní. Ohun tí wọ́n sọ ni pé agbára àwọn ikọ̀ yàtọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kò sì pọ̀ tó láti fi ya ipa pápá sọ́tọ̀ kúrò lára ipa ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n èké fún oníṣòwò méjì, tí ẹni tí ó ṣègbè sí tún pàdánù, òṣùwọ̀n náà kò tipa bẹ́ẹ̀ di òtítọ́. Inú ìlànà ni ó yẹ kí a ti wá ẹ̀tọ́, kì í ṣe inú àbájáde.

Òṣùwọ̀n Àìṣègbè

Láti inú àyẹ̀wò yìí, òṣùwọ̀n mẹ́rin ni ó fara hàn.

Èkíní, kí òfin hàn ṣáájú. ‘Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.’ Àpẹẹrẹ rere ni ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2007. Faransé ni ó gbàlejò ìdíje náà, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ti là sílẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpele ikọ̀ mẹ́jọ yóò wáyé ní Cardiff. Nígbà tí Ajẹntínà na Faransé ní ọjọ́ ìṣíde, ipò kejì ni Faransé dé nínú ìsọ̀rí rẹ̀, ó sì di dandan kí onílé kó ẹrù lọ sí Cardiff láti pàdé New Zealand. Wọn kò yí ètò padà nítorí onílé. Faransé sì borí, 20 sí 18.

Èkejì, kí a fi ìlò àti ọ̀nà jíjìn wọn àìṣègbè, kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Òfin tí ó bá sọ pé pápá náà kò gbọdọ̀ wà nínú ìlú ikọ̀ kankan, tí ikọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ ti gbàlejò níbẹ̀ ní sáà náà, ìbá ti yanjú ti Toulouse, ti Leicester, ti Cardiff àti ti Anoeta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta, kí àǹfààní tí kò ṣeé yẹ̀ jẹ́ èrè iṣẹ́. Kèké kò ṣègbè, ṣùgbọ́n kò san ẹ̀san fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn àkókò ìbò, ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù yí sí fífi ipò tí ikọ̀ dé nínú ìsọ̀rí yan ẹni tí yóò gbàlejò. Ẹni tí ó bá jẹ àǹfààní lọ́nà yìí ti ṣe wàhálà rẹ̀, ẹni tí ó sì pàdánù rẹ̀ mọ ìdí. Síbẹ̀, ìlànà yìí náà ní ààlà: ní ọdún 2022, Racing 92 tí ó yẹ kí ó gbàlejò ní agbègbè Paris lọ pàdé La Rochelle ní Lens, nítorí pé pápá tiwọn kò ṣófo.

Ẹ̀kẹrin, kí a pín ìwé ìwọlé dọ́gba. Ní ọdún 2006, Lansdowne Road ní Dublin ni Leinster ti gba Munster lálejò, ṣùgbọ́n àwọn alátìlẹ́yìn Munster fi aṣọ pupa bo ibẹ̀, ikọ̀ wọn sì borí ní 30 sí 6. Ẹni tí ó jókòó sórí àga ni ó ń sọ pápá di ilé.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé pápá aláìṣègbè kì í ṣe ohun tí a ń fi orúkọ dá. Bí wọ́n bá yàn án lójijì, ẹ̀sùn ojúsàájú yóò dìde. Bí wọ́n bá yàn án ṣáájú, ó lè bọ́ sí ìlú ẹnìkan. Kò sí ìlànà tí kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n àléébù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣáájú, tí ó sì lè kan ẹnikẹ́ni, sàn ju èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òfin bò mọ́lẹ̀ lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdíje tí ó bá fi ilé ẹnìkan ṣe kóòtù, tí ó sì tún pe ilé náà ní ìta gbangba. Bí ikọ̀ tí ó fìdí rẹmi bá lè gbà pé ẹsẹ̀ ni ó na òun, tí kì í ṣe pápá, ìdíje náà ti ṣe ẹ̀tọ́ fún un.