Ṣé Stem Cell Inú Páálí Lè Fún Obìnrin Lọ́mọ?



Nígbà ìsinmi tó kọjá, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Èmùré wá kí wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ti pé ọdún méje tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, wọn ò tíì bímọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fa páálí kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní ẹnì kan ló wá polówó rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dá àjọ, pé stem cell ni, pé ó ń tún ilé ẹyin obìnrin ṣe, pé béèyàn bá ti po páálí mẹ́fà mu, oyún dé nìyẹn. Ó ti ra ọ̀kan. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fẹ́ fi ra márùn-ún tó kù.

Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, bá mi kà á. Ṣé òótọ́ ni?"

Mi ò mọ èyí tí mo máa sọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó yẹn." Ọjọ́ tí a wọlé, mo lọ bá olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Àǹtí mi ló ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Kí ló wà nínú ilé ẹyin?

Obìnrin ní ilé ẹyin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ilé ọmọ, ọ̀kan lósì. Gbogbo ẹyin tí ọmọbìnrin máa lò láyé ló ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n máa ń tó mílíọ̀nù kan sí méjì. Nígbà tó bá máa fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, wọ́n ti kù sí bíi 300,000 sí 400,000. Nínú wọn, bíi 400 sí 500 péré ló máa gbó tí á sì jáde. Ìyókù á kú fúnra wọn. Ara ọkùnrin máa ń ṣe àtọ̀ tuntun lójoojúmọ́, àmọ́ ti ẹyin obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ilé ẹyin pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Nínú ti àkọ́kọ́, ilé ẹyin á ṣíwọ́ iṣẹ́ kí obìnrin tó pé ọmọ 40 ọdún. Ó lè jẹ́ àbímọ́ni, ó sì lè jẹ́ oògùn àrùn jẹjẹrẹ tàbí iṣẹ́ abẹ ló fà á. Èkejì ni wọ́n ń pè ní PCOS. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé obìnrin 8 sí 13 nínú 100 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in. Nínú PCOS, ẹyin wà dáadáa, kì í kàn án gbó kó jáde lásìkò ni. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò jọra? Ọ̀kan dà bí àká tí àgbàdo inú rẹ̀ ti fẹ́ tán, èkejì dà bí àká tó kún ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Ẹni tó bá ní oògùn kan náà ló wo méjèèjì, ẹ bi í dáadáa.

Stem cell gan-an ńkọ́?

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara wa, bí ìgbà tí a fi búlọ́ọ̀kù mọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gba iṣẹ́ tirẹ̀: ti awọ ń ṣe ti awọ, ti iṣan ń ṣe ti iṣan. Stem cell ni èyí tí kò tíì yan iṣẹ́. Ó lè pín sí púpọ̀, ó sì lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Wọ́n ń rí i nínú mùdùnmúdùn egungun, nínú ọ̀rá ara, àti nínú ìwọ́ ọmọ tuntun.

Kì í ṣe irọ́ o. Ní ọdún 2011, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UBTH ní ìlú Bìní, Dókítà Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi stem cell tọ́jú ọmọ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ìdí nìyẹn tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fi bá àìsàn ẹ̀jẹ̀ mu. Ilé ẹyin ló wá le.

Ibo ni ìwádìí dé?

Ní ìlú Valencia ní Sípéènì, àwọn dókítà fún obìnrin 17 tí ẹyin wọn ti dínkù gan-an ní oògùn tó lé stem cell jáde látinú mùdùnmúdùn sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n sì dá a padà sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ẹyin. Ọdún 2018 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Àwọn mélòó kan nínú wọn lóyún. Ní Nanjing ní Ṣáínà, sẹ́ẹ̀lì inú ìwọ́ ọmọ ni wọ́n lò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò sọ pé sẹ́ẹ̀lì yìí di ẹyin tuntun. Ohun tí wọ́n rò ni pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ilé ẹyin, ó sì ń jí àwọn ẹyin tó ń sùn. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń fẹ́ iná ààrò. Bí ẹyinná bá ṣẹ́kù lábẹ́ eérú, ó lè tún ràn. Bó bá jẹ́ eérú tútù nìkan ló kù, fẹ́ẹ̀fẹ́ẹ̀ ò lè ṣe é.

Èèyàn 17 kéré púpọ̀ láti fi ṣèdájọ́. Òmíràn lè lóyún láìlo nǹkan kan. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní PRP: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ obìnrin, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n á sì gún apá kan rẹ̀ padà sínú ilé ẹyin. Ní ọdún 2023, ESHRE, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ní Yúróòpù, sọ pé kí wọ́n má tíì máa lò ó fún aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú.

Ti inú páálí wá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká lo ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í gbé inú ìyẹ̀fun. Inú naitirójìn olómi tó tutù dé -196°C ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Páálí tó ti sá sóòrùn ọjà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì wo ló kù níbẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ó wà láàyè, béèyàn bá gbé e mì, ásíìdì inú ikùn á dà á bó ṣe ń da ẹran. Kò ní rìn dé ilé ẹyin láéláé.

Òmíràn tún nìyí. Ta ló sọ pé ilé ẹyin ló ń yọ Àǹtí mi lẹ́nu? Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ ló dí nítorí àrùn tí wọn ò tọ́jú. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin nìkan ni wọ́n máa ń pè ní àgàn.

Ẹ wo IVF. 25 July 1978 ni wọ́n bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń dán an wò. Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní LUTH, wọ́n sì bí ọmọ àkọ́kọ́ ní 1989. Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀ tó ṣeé kà ni gbogbo ayé gbà pé ìtọ́jú ni. Stem cell fún ilé ẹyin ṣì wà níbi ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jọ lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó ra ohunkóhun. PCOS ní oògùn oníhóró tó ń ṣèrànwọ́ kí ẹyin jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì tọ́jú yín, ẹ bi í: ìwádìí ni àbí ìtọ́jú? Bó bá jẹ́ ìwádìí, ìwé ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwádìí dà?

Mo ka gbogbo èyí fún Àǹtí mi lórí fóònù. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Owó páálí kan ti lọ nìyẹn." Ẹni tó tà á fún un kò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n owó márùn-ún tó kù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi sanwó àyẹ̀wò ní Adó. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó wá gbà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ. Èsì kò tíì jáde. Ẹ bá wa fi sádùúrà.