Họ́ọ̀bù Tí Ó Gan: Okùnfà àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Òde-Ìrèlè

Ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọkọ̀ Hilux àtijọ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà wúlò púpọ̀ fún kíkó ẹ̀gẹ́ àti epo pupa kúrò lóko nígbà òjò. Kí agbára ẹ́ńjìnnì tó dé iwájú, awakọ̀ ní láti sọ̀kalẹ̀, kí ó fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù tí ó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì láti FREE sí LOCK. Bí ó bá gan, inú ẹrẹ̀ ni ẹrù yóò sùn.

Àìlágbára ọwọ́ kọ́ ni okùnfà rẹ̀. Omi tí ó ráyè wọlé ni ó ń mú irin dípẹtà. Gíríìsì àtijọ́ a sì dì bí àtè. Fífi púláyà yí i léwu, nítorí ó lè ṣẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a wa ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀, kí eyín irin tí ó há mọ́ra lè tú. Bí kò bá yí síbẹ̀, kí a tú ìdérí rẹ̀, kí a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a fi gíríìsì díẹ̀ pa á, kí a sì pààrọ̀ rọ́bà tí ó ti gbó. Àpọ̀jù gíríìsì tún ń mú un gan.

Ní ìkádìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a ti máa yí họ́ọ̀bù wò. Inú ẹrẹ̀ kọ́ ni a ti ń dán an wò.