Bí ọkọ bá fẹ̀yìntì, kí ni aya yóò ṣe?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo tọkọtaya kan ní Àjàṣẹ́. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 59. Ó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ilé-iṣẹ́ aládàáni. Aya rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 51. Ó ń ta gàrí ní ọjà Ouando.

Ọkọ wí pé: «Ìyá wọn, lọ́dún tó ń bọ̀, a ó padà sí Kétu. Oko ni n ó máa dá.»

Aya dáhùn pé: «Bàbá wọn, àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Ọdún 20 ni mo fi wá wọn.»

Ta ni ó jàre? Àwọn méjèèjì ni. Òfin ni ó dá ọjọ́ tí iṣẹ́ ọkọ yóò parí. Iṣẹ́ aya kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì sì máa ń kéré sí owó oṣù. Bí aya bá pa ọjà rẹ̀ tì, kí ni wọn yóò máa jẹ? Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń san owó ilé, wọ́n sì ń rán ọmọ tiwọn lọ sí ilé-ìwé.

Kí tọkọtaya tó pinnu, kí wọ́n yẹ ìwé méjì wò.

Èkíní ni ìwé CNSS. Ní Bẹ̀nẹ̀, òṣìṣẹ́ aládàáni tí ó bá pé ọdún 60 lè gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù, bí a bá ti san owó sílẹ̀ fún un fún oṣù 180, èyí tí í ṣe ọdún 15. Kí òṣìṣẹ́ béèrè nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń san owó náà.

Èkejì ni ìwé ìgbéyàwó. Ìdána níyì, ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí náà níyì. Síbẹ̀, ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ́rì nìkan ni òfin mọ̀. Bí ọkọ bá kú, tí ìwé yìí kò sí, ó lè ṣòro fún opó láti gba ìpín rẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Ọkọ lè kọ́kọ́ lọ dáko, kí aya máa tajà lọ fún ìgbà díẹ̀. Aya sì lè máa fi àwọn oníbàárà rẹ̀ han ọmọ rẹ̀ obìnrin díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ mú gègé. Ẹ kọ owó tí ń wọlé sí apá kan, ẹ kọ èyí tí ń jáde sí apá kejì. Ẹ jọ kà á, kí ẹ tó di ẹrù.