Bí Kò Bá Sí Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Nínú Yín, Ẹ Ṣì Lè Jọ Mọ̀ Ọ́n

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó jíròrò ẹ̀kọ́ láàárín ara wọn, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé: "Kí la fẹ́ sọ fún ara wa? Ṣé afọ́jú lè fọ̀nà han afọ́jú ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́ lóòótọ́. Bí èmi ò bá mọ̀ ọ́n, tí ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n, ibo ni ìmọ̀ fẹ́ gbà wọlé?

Michelle Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder, ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2009 ni èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa àbùdá, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ni wọ́n lò. Olùkọ́ á gbé ìbéèrè kalẹ̀, oníkálùkù á dá dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bá àwọn tó jókòó tì wọ́n jíròrò, wọ́n á sì tún dáhùn ìbéèrè kan náà. Olùkọ́ ò ní sọ èyí tó tọ̀nà o! Ìbéèrè kejì ló máa gbé wá, èyí tó yàtọ̀ lójú ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òye kan náà ló ń dán wò. Oníkálùkù á tún dá ìyẹn dáhùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpín 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á. Lẹ́yìn ìjíròrò, ó di 68. Ẹ lè ní wọ́n kàn gba ìdáhùn lẹ́nu efiko tó wà láàárín wọn ni. Ó dáa, ní ìbéèrè kejì tí kálukú dá ṣe, ó di 73. Èyí tó wá ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti àwọn ìbéèrè tó le gan-an, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ìṣirò àwọn olùwádìí fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní ẹnì kankan tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ náà rí ọ̀nà débẹ̀.

Báwo? Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan nílé wa, torí ọ̀rọ̀ genotype kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán níbí. Àwọn èèyàn ń fi pinnu ẹni tí wọ́n máa fẹ́. Bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, àkọ́bí wọn sì jẹ́ SS. Ṣé ọmọ mẹ́ta tó kù ti bọ́?

"Wọ́n ti bọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n kọ́ wa, ọ̀kan yẹn sì ti lọ."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló ń ka àwọn ọmọ náà? Àbí bàbá máa rántí pé S lòun fún àkọ́bí, kó wá fún èkejì ní A?"

"Hẹn... kò lè rántí. Á jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀kan nínú mẹ́rin tiẹ̀ nìyẹn."

Òótọ́ sì ni. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì í, ṣùgbọ́n ó sọ ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, ìdí yẹn sì ni ẹnì kejì rí dì mú. Ká ní "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló sọ, gbogbo wọn ì bá gbà fún un, wọ́n á sì kọjá lọ.

Ẹ tún wo ẹnì kejì yẹn dáadáa. Kò mọ ìdáhùn. Ohun kan ló ń rú u lójú, ó sì là á sọ. Lójú tèmi, òun ló ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú wọn ló máa ń dákẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa, torí ẹni tí GP rẹ̀ ga ti sọ̀rọ̀. (Èmi ì bá ní kí efiko máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.)

Ìdákẹ́ yẹn ń pani lára. Ní 1985, Garold Stasser àti William Titus ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n yan ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú olùdíje mẹ́ta. Wọ́n fọ́n ìwà rere ẹni tó dára jù sáàárín wọn, débi pé díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ kálukú. Bí wọ́n bá kó o jọ, wọ́n á rí i pé òun ló tọ́ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ni kò yàn án. Ohun tí gbogbo wọn ti jọ mọ̀ ló borí; èyí tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ ò rọ́wọ́ mú.

Kí ẹni tó ń dákẹ́ tó lè sọ̀rọ̀, ó nílò àyè. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nínú kíláàsì, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè kó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa fèsì sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Nínú ẹgbẹ́ tí kò ní olùkọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dúró. Ẹ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sínú. Ó máa jọ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹnì kan á fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì á na ọwọ́ sí fóònù. Ẹ ṣáà kà á tán.