"Despite of" kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà

Kò sí òbí tó sanwó ìdánwò WAEC tàbí JAMB fún ọmọ rẹ̀ tí kò ní dùn bí ọmọ náà bá pàdánù máàkì nítorí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò JAMB, ì báà ṣe dókítà ló fẹ́ dà tàbí lọ́yà.

Ọ̀kan lára ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn méjì kan, "despite" àti "in spite of". Ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó sọ pé "Despite the rain, he went to the farm" àti ẹni tó sọ pé "In spite of the rain, he went to the farm", ohun kan náà ni wọ́n sọ: láìka òjò sí, ọkùnrin náà lọ sóko.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí èèyàn da méjèèjì pọ̀, kó ní "despite of". Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé "in despite of". Nígbà tó yá, wọ́n gé "in" àti "of" dànù, ó wá ku "despite" nìkan. Ẹni tó bá ní "despite of" lónìí, ohun tí wọ́n ti dànù ló tún ń ṣà wọlé. Bákan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "in spite of". A kì í lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kọ "inspite".

Èkejì ni "Despite he was sick". Orúkọ nǹkan ló máa ń tẹ̀lé "despite", bí i "Despite his sickness", tàbí kí á ní "Despite being sick". Bó bá jẹ́ odidi gbólóhùn ló tẹ̀lé e, "although" la ó lò: "Although he was sick".

Ẹ̀kẹta ni "Although it rained, but he came". Èdè wa ló ń fa èyí. Yorùbá máa ń sọ pé "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, síbẹ̀ ó wá", kò sì sí àléébù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ "although" àti "but" nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú, kó fi èkejì sílẹ̀.

Síbẹ̀, èdè Yorùbá kan náà ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ibi tí ọmọ bá ti lè sọ pé "láìka òjò sí", "despite" tàbí "in spite of" ni kó lò. Ibi tó bá ti jẹ́ "bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀", "although" ni. Òbí tí kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè fi èyí ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lálẹ́, nítorí àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.